Kí ni wọ́n ń ṣe fún ìbejì wa nínú yàrá ìkókó? Àlàyé fún òbí tí oṣù ọmọ rẹ̀ kò pé

Ọjọ́ kẹta tí mo bí ìbejì ni ìyá ọkọ mi dúró lẹ́nu fèrèsé yàrá ìkókó ní ilé ìwòsàn, tí wọ́n ń wo rọ́bà àti wáyà tó wà lára àwọn ọmọ náà. Ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, kí ni wọ́n ń ṣe fún wọn gan-an?" Mi ò rí èsì fọ̀. Èmi tí mo bí wọn kò mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ 29 ni oyún mi wà nígbà tí omi já. Táíwò wọ̀n kílò 1.3, Kẹ́hìndé wọ̀n 1.1. Omi lítà kan nínú ike fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó Kẹ́hìndé. Táíwò lo ọjọ́ 44 nínú yàrá yẹn, Kẹ́hìndé lo 73. Láti ìgbà tí mo ti gbé wọn délé, agbára káká ni oṣù kan fi máa ń kọjá kí ìyá tàbí bàbá kan tó pè mí, ẹni tí ẹlòmíràn fún ní nọ́ńbà mi, tí ìbéèrè ìyá ọkọ mi á sì tún jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí. Mi ò kì í ṣe dókítà. Ohun tí àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì fi sùúrù là yé mi ni mo kọ, pẹ̀lú èyí tí mo kà kún un àti èyí tí ojú mi rí.

Ta ni ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé?

Oyún tó pé máa ń lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 40. Ọmọ tí a bá bí kí ọ̀sẹ̀ 37 tó pé ni oṣù rẹ̀ kò pé. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ kan náà. Ọmọ ọ̀sẹ̀ 35 lè má nílò ju kí ara rẹ̀ máa gbóná kí ó sì máa jẹun dáadáa. Ọmọ ọ̀sẹ̀ 30 sábà máa ń nílò ìrànlọ́wọ́ láti mí. Ẹni tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 28, gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ ló ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ béèrè, ẹ má fi oṣù ṣírò. Ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo lè yí ọ̀rọ̀ padà.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, nǹkan bí mílíọ̀nù 13.4 ọmọ ni a bí báyìí káàkiri ayé. Nínú ọmọ mẹ́wàá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹyọ kan.

Ọ̀rọ̀ náà wá kan àwa Yorùbá ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ, nítorí kò sí ẹ̀yà tí a mọ̀ tó ń bí ìbejì tó wa. Nígbà tí àwọn onímọ̀ lọ kà á ní Igbó-Ọrà, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, wọ́n rí ìbejì tó lé ní 40 nínú ìbímọ 1,000. Àyè ilé ọmọ kò sì pọ̀ fún èèyàn méjì. Ó máa ń fẹ̀ dé góńgó kí oṣù tó pé, ìdí nìyí tí ó fi ju ìdajì ìbejì lọ tí wọ́n ń dé ṣáájú ọ̀sẹ̀ 37. Nígbà tí mo mọ èyí ni ojú tí mo fi ń wo ère ìbejì yí padà. Àwọn ère wọ̀nyẹn tí wọ́n kó lọ sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí káàkiri ayé, èyí tí àwọn ìyá wa ń wẹ̀, tí wọ́n ń wọ̀ láṣọ, tí wọ́n ń fún lóúnjẹ, ọmọ kan tó lọ ló wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, mo gbà bẹ́ẹ̀, jẹ́ ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, tí kò sí ẹni tó mọ ohun tí à bá ṣe fún un nígbà náà.

Ṣé òótọ́ ni pé ọmọ oṣù méje ń yè, tí ti oṣù mẹ́jọ kì í yè?

Kì í ṣe òótọ́. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó nífẹ̀ẹ́ mi, tí wọ́n fẹ́ fi tù mí nínú pé oṣù méje tí mo bí sí yìí ló dáa. Ọmọ tó bá pẹ́ sí i nínú ló lágbára jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí aboyún oṣù mẹ́jọ kankan gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, kí ó má baà rò pé ọmọ òun ti kú kí ó tó dé ilé ìwòsàn.

Kí ni yàrá náà wà fún?

Ilé ọmọ ń ṣe iṣẹ́ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń mú ọmọ móoru, ó ń gba atẹ́gùn fún un, ó ń bọ́ ọ, ó sì ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ àrùn. Lọ́jọ́ tí a bá bí i, gbogbo rẹ̀ dáwọ́ dúró lọ́wọ́ kan. Ọmọ tó gbó á gba iṣẹ́ náà ṣe fúnra rẹ̀. Èyí tí kò gbó kò lè ṣe é, ni àwọn òṣìṣẹ́ yàrá ìkókó bá pín iṣẹ́ ilé ọmọ fún ẹ̀rọ àti rọ́bà. Ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì kan ṣàlàyé èyí fún mi ni ẹ̀rù rọ́bà kúrò lára mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ti ọ̀kọ̀ọ̀kan: èyí ńkọ́, iṣẹ́ wo ló ń ṣe?

Ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ooru. Bí ẹ bá ro àmàlà, tí ẹ bu òkèlè kan sọ́tọ̀, òkèlè yẹn á ti tutù nígbà tí èyí tó wà nínú ìkòkò ṣì ń jóni lọ́wọ́. Ohun kékeré máa ń tètè tutù. Ọmọ kílò 1.1 ni òkèlè yẹn. Kò sí ọ̀rá lábẹ́ awọ rẹ̀, awọ náà sì tín-ín-rín débi pé mo ń rí iṣan ẹ̀jẹ̀ ní àyà Kẹ́hìndé. Bí ara rẹ̀ bá tutù, gbogbo agbára tó yẹ kó fi mí kó sì fi dàgbà ni yóò fi máa wá ooru. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbé e sínú àpótí onígíláàsì tí à ń pè ní íńkúbétọ̀. Ní Paris, ní ìdá kẹta ìkẹyìn ọ̀rúndún kọkàndínlógún, dókítà Stéphane Tarnier rí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pa ẹyin adìyẹ, ó sì ní kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún ọmọ èèyàn. Ooru tí wọ́n ń wá ni kí ara ọmọ wà láàárín dígírì 36.5 sí 37.5. Ẹ má ṣe fi ike omi gbígbóná tàbí sítóòfù rọ́pò rẹ̀ nílé. Ó ti jó ọmọ rí.

Kí ló dé tí mímí fi nira fún wọn?

Ẹ rántí láílọ́ọ̀nù tuntun tí ìyá ọlọ́jà fẹ́ fi di ẹrù fún yín. Inú rẹ̀ lẹ̀ pọ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìka pa á, kí wọ́n fẹ́ ẹ lẹ́nu, kó tó là. Inú ẹ̀dọ̀fóró kún fún àpò kéékèèké tó rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rinrin sì wà nínú gbogbo wọn. Lára ẹni tó gbó, ohun kan wà tó ń ṣe bí ọṣẹ nínú àwọn àpò náà, òun ni kì í jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ pọ̀. Surfactant ni orúkọ rẹ̀. Ẹ da omi lásán sínú abọ́ kí ẹ sì rò ó, ìfófòó rẹ̀ kò ní dúró. Ẹ fi ọṣẹ sí i, á dúró. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 24 ni ara ọmọ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọṣẹ yìí, ṣùgbọ́n kì í sábà tó títí di bí ọ̀sẹ̀ 34 tàbí 35. Ọmọ tí kò bá ní in gbọ́dọ̀ la láílọ́ọ̀nù tuntun ní gbogbo ìgbà tó bá mí, nǹkan bí ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ ó gbọ́ tó ń kùn, ẹ ó rí i tí àyà rẹ̀ ń wọlé lábẹ́ egungun ìhà. Ó ń rẹ̀ ẹ́.

Ọdún 1959 ni dókítà obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Mary Ellen Avery, tẹ ìwádìí jáde pé àìsí ohun yìí ló ń pa àwọn ọmọ. Síbẹ̀ kò tíì sí ìtọ́jú. Ní oṣù kẹjọ 1963, ìyàwó ààrẹ Amẹ́ríkà, John F. Kennedy, bí ọmọkùnrin kan tí wọ́n sọ ní Patrick, ní bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún ààbọ̀ ṣáájú àkókò. Kílò 2.1 ló wọ̀n, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì Kẹ́hìndé mi. Bàbá rẹ̀ lówó, ó lágbára, kò sí dókítà tí kò lè ránṣẹ́ pè. Ọjọ́ méjì kò pé tí ọmọ náà fi kú. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún ìyá tó bá ń sọ fún mi pé àwọn aráyé ló ń bá òun jà, tàbí pé àbíkú ni. Ẹ̀dọ̀fóró ni.

Lónìí, wọ́n lè fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ da surfactant sí ọmọ ní ẹ̀dọ̀fóró, ṣùgbọ́n ó wọ́n, kò sì sí ní gbogbo ilé ìwòsàn. Èyí tí ẹ ó rí jù lọ ní ilé ìwòsàn wa ni ẹ̀rọ tó ń hó. Wọ́n á ki rọ́bà kékeré méjì bọ ihò imú ọmọ, atẹ́gùn á máa gba ibẹ̀ wọlé láìdáwọ́ dúró. Ìdí rọ́bà tí atẹ́gùn ń gbà jáde á wà nínú ìgò omi, bóyá ní sẹ̀ǹtímítà 5 sísàlẹ̀. Omi yẹn kò jẹ́ kí gbogbo atẹ́gùn ráyè jáde, ó ń dá díẹ̀ padà sínú ẹ̀dọ̀fóró, kí àwọn àpò náà má baà lẹ̀ pọ̀ tán. Bí omi bá ń hó, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hippolite Amadi, ọmọ Nàìjíríà, ṣe irú ẹ̀rọ yìí lọ́nà tí owó rẹ̀ kò fi ní pa ilé ìwòsàn wa lára, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nigeria Prize for Science ní 2023. Òru mọ́jú ni mo máa ń jókòó tí mo ń gbọ́ ìgò méjì tó ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ti Táíwò yára, ti Kẹ́hìndé falẹ̀. Títí dòní, bí omi bá hó lórí iná, mo máa ń dúró díẹ̀.

Nǹkan kejì tó ń já òbí láyà ni kí ọmọ gbàgbé láti mí. Ọpọlọ tó ń darí èémí kò tíì gbó. Ó dà bí jẹnẹrétọ̀ tuntun tó ń kú fúnra rẹ̀, tí a gbọ́dọ̀ tún fà. Ẹ̀rọ á ké, nọ́ọ̀sì á sáré wá fi ìka pa àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ, ọmọ á sì mí. Wọ́n tún ń fún un ní kaféènì, ohun tó wà nínú kọfí tí kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ sùn. Ọmọ tó ń gbàgbé báyìí kò tíì kú, kò sì túmọ̀ sí pé ó ń lọ. Púpọ̀ nínú wọn ń fi í sílẹ̀ bí ọjọ́ tó yẹ kí a bí wọn bá ń súnmọ́.

Ẹni tó bá lóyún ìbejì tó ń ka èyí, abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń fún ìyá kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ lè tètè gbó. Dókítà Liggins àti Howie, ní New Zealand, ló fi hàn ní 1972 pé ó ń ṣiṣẹ́. Ó níye wákàtí tó ń gbà kí ó tó ṣiṣẹ́ dáadáa, ilé ìwòsàn tó ní ìtọ́jú ìkókó ló sì yẹ kí wọ́n ti gbà á. Nítorí náà bí omi bá já tàbí tí inú ń so lóṣù mẹ́fà tàbí méje, ẹ má dúró sílé kí ẹ máa wò ó títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ṣé ọ́síjìn ló ń pa èèyàn?

Ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ́ kí òbí kan fa rọ́bà yọ nímú ọmọ rẹ̀ lójú mi. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ le ni wọ́n ń fún ní ọ́síjìn, nítorí náà púpọ̀ nínú àwọn tó kú ni a bá a lára wọn. Bí ẹ bá rí àwọn panápaná nídìí gbogbo ilé tó jó, ṣé àwọn ló dáná sun ún ni?

Ṣùgbọ́n òótọ́ kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí ẹ mọ̀. Ọ́síjìn tó pọ̀ jù lè ba ojú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé jẹ́, nítorí iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yìn ojú rẹ̀ ṣì ń hù. Stevie Wonder, olórin Amẹ́ríkà tí a bí ní 1950, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú àkókò, ibi tí ojú rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń di iná pupa kékeré mọ́ ọmọ lẹ́sẹ̀, kí wọ́n lè máa mọ iye ọ́síjìn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Níbi tí mo wà, láàárín 90 sí 95 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń wá bí ọmọ bá wà lórí ọ́síjìn. Nígbà tí mo rí 99, tí inú mi dùn, tí nọ́ọ̀sì sì wá yí i sísàlẹ̀, mo rò pé ìkà ni. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa yẹ ojú ọmọ yín wò, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ìbí.

Kí ló dé tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n tún ń dá a padà?

Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ọmọ kílò 1.1 kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún omi píọ́wọ́tà kan lọ. Èyí tí wọ́n ń fà fún àyẹ̀wò lè dà bí omi ojú lójú wa, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fà á fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ti pọ̀ lára rẹ̀, ara rẹ̀ kò sì tíì mọ bí a ṣe ń yára ṣe òmíràn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá ẹ̀jẹ̀, kò túmọ̀ sí pé ẹnì kan ti ṣàṣìṣe.

Iná búlúù tí wọ́n ń tàn sí wọn lára, tí wọ́n á fi nǹkan dí wọn lójú, ti jọ́ńdíìsì ni, èyí tó ń mú kí ojú àti ara pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ìmọ́lẹ̀ náà ń tú ohun tó ń pọ́n yẹn kí ara lè yọ ọ́ dànù. Bí a bá fi í sílẹ̀, ó lè wọ ọpọlọ. Ẹ bá mi kó káfúrà kúrò láàárín aṣọ ìkókó. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa lára wọn kò gba òórùn rẹ̀, ó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn, jọ́ńdíìsì náà á sì le sí i.

Kí ló dé tí wọn kò jẹ́ kí ọmọ mu ọmú?

Ọmọ gbọ́dọ̀ fà, kó gbé mì, kó sì mí, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má kọlu ara wọn. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 34 ni ó máa ń mọ ọ́n ṣe. Kí ó tó dìgbà náà, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan á gba ẹnu tàbí imú lọ sí ikùn rẹ̀, wàrà ìyá á sì máa kán gba ibẹ̀ lọ. Mílílítà 1 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ọmọ mi. Ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì gba márùn-ún irú rẹ̀. Mo sunkún nígbà tí mo rí i, mo ní ebi ló máa pa wọ́n. Nọ́ọ̀sì ní, "Ìyá Ìbejì, a ò tíì máa fi yó wọn. Ìfun wọn là ń kọ́ níṣẹ́."

Mi ò mọ ohun tí gbólóhùn yẹn túmọ̀ sí títí di ọjọ́ kejìlá. Mo dé lówùúrọ̀, mo wo Kẹ́hìndé, mo rí i pé inú rẹ̀ ń dán. Ó le bí awọ ìlù. Ohun tó jáde nínú rọ́bà ikùn rẹ̀ kò funfun mọ́, ó ti di àwọ̀ ewé. Kò ké. Òun gan-an ló dẹ́rù bà mí, nítorí òun ló máa ń ké ju Táíwò lọ. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí dókítà fi dé, wọ́n ya fọ́tò inú rẹ̀, wọ́n dá wàrà dúró pátápátá.

Àrùn yìí ń bá ìfun ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé jà. NEC ni wọ́n ń pè é ní wọ́ọ̀dù. Ìfun tí kò gbó máa ń wú, kòkòrò á ráyè wọ ara rẹ̀, ibi kan lè kú, ó tiẹ̀ lè lu. Bí kò bá tíì lu, wọ́n á jẹ́ kí ìfun sinmi, oúnjẹ á máa gba iṣan wọlé, wọ́n á sì máa fún un ní oògùn tó ń pa kòkòrò. Bí ó bá ti lu, iṣẹ́ abẹ ni. Ọjọ́ mọ́kànlá ni Kẹ́hìndé fi wà láìfi ohunkóhun sẹ́nu. Wọn kò là á. Lọ́jọ́ kejìlá, wọ́n tún fún un ní mílílítà 1, gbogbo wa nínú yàrá sì dúró tì í, à ń wo ikùn rẹ̀.

Kò sí ohun kan tí òbí ṣe tó máa ń fà á pàtó. Ṣùgbọ́n wàrà ìyá ń dín in kù, wàrà alágolo ń fi kún ewu rẹ̀. Nítorí náà omi ọmú àkọ́kọ́ tó nípọn, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí àwọn kan ní kí n fún dànù, oògùn ni. Ẹ má fún wọn ní àgbo, ẹ má fún wọn ní omi, ẹ má fún wọn ní glúkóòsì. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni àwọn ìyá àgbà fi ń gbé e wá. Ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ gbé e kalẹ̀.

Àkóràn inú ẹ̀jẹ̀ náà ń ṣẹlẹ̀ lọ́nà tó jọ èyí. Oṣù mẹ́ta ìkẹyìn ni ìyá ń kó ohun tó ń bá àrùn jà fún ọmọ. Ọmọ tí kò dúró gbà á dà bí ẹni tó wọkọ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ olùgbé kí ìyá rẹ̀ tó di gàrí fún un. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń le wa padà nídìí ẹ̀rọ omi pé ká tún ọwọ́ fọ̀ dé ìgúnpá.

Ìbejì ni wọ́n. Kí ló dé tí ọ̀kan ń gbádùn tí èkejì ń ṣàìsàn?

Èyí ló dùn mí jù. A tọ́ wa pé ohun tí a bá ṣe fún Táyé la ó ṣe fún Kẹ́hìndé, aṣọ kan náà, oúnjẹ kan náà. Yàrá yẹn kò mọ èyí. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n yọ rọ́bà imú Táíwò, tó ń mí fúnra rẹ̀, ni mo fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ sí Kẹ́hìndé lára. Mi ò mọ èyí tí ǹ bá ṣe nínú ẹ̀rín àti ẹkún. Nígbà tí ẹnì kan bá kí mi kú oríire, ó dà bíi pé mo ń da Kẹ́hìndé.

Ohun tí mo wá kọ́ nìyí. Ọ̀pọ̀ jù lọ ìbejì Yorùbá wá láti inú ẹyin méjì. Bí ọmọ ìyá kan náà tí a bí ní ọdún méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe jọra ni wọ́n ṣe jọra, àfi pé wọ́n jọ wá. Olóbi, ìyẹn ibi ọmọ, ti ọ̀kan lè dára ju ti èkejì lọ, ọ̀kan lè jẹun ju èkejì nínú oyún. Ẹ̀dọ̀fóró Táíwò kì í ṣe ti Kẹ́hìndé. Bí ọ̀kan bá ṣe dáadáa, kò jí agbára èkejì gbà. Bí ọ̀kan bá lọ, kò túmọ̀ sí pé ó ń bọ̀ wá pe èkejì. Mo jókòó ti ìyá kan tí ọ̀kan nínú tirẹ̀ kú, tí kò sì lè fọwọ́ kan èyí tó kù nítorí ẹ̀rù yìí. Nọ́ọ̀sì kan ló mú ọwọ́ rẹ̀, tó fi lé orí ọmọ náà, ó sì di í mú síbẹ̀ títí ó fi di pé òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ gbé e kúrò mọ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀. Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ méjì, mo ń kọ ìwọ̀n ara, wàrà àti oògùn wọn sí i lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ti kọ "Twin 1" àti "Twin 2" sí pílásítà ọwọ́ wọn. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n bá mi fi Táíwò àti Kẹ́hìndé rọ́pò rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n mú tọ̀run wá ni, kò dúró de ìkómọ.

Nígbà tí Táíwò délé, Kẹ́hìndé ṣì wà níbẹ̀. Ìyá ọkọ mi ń gbé Táíwò nílé, èmi ń wọ Máíkírà lọ, mo ń wọ̀ ọ́ bọ̀, pẹ̀lú wàrà nínú kúlà kékeré lórí ẹsẹ̀ mi. Bí ẹ bá wà nírú ipò yìí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ọmọ tí ẹ fẹ́ràn jù. Ẹ gba ìrànlọ́wọ́ tó bá wá, pàápàá ti oúnjẹ àti owó ọkọ̀.

Kí ni iṣẹ́ òbí níbẹ̀?

Ó pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Àkọ́kọ́ ni wàrà, tí a gbọ́dọ̀ máa fún pẹ̀lú ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ, bí ìgbà mẹ́jọ lóòjọ́, títí kan òru, bí ó tiẹ̀ jẹ́ ìkán mélòó kan ló jáde.

Èkejì ni àyà wa. Ní Bogotá, ní Kòlóńbíà, ní 1978, íńkúbétọ̀ kò kárí, àwọn ọmọ ń sùn lé ara wọn, àkóràn ń pa wọ́n. Dókítà Edgar Rey ní kí àwọn ìyá gbé ọmọ lé àyà, bí ẹranko kàǹgárúù ṣe ń gbé tirẹ̀. Àwa tí a mọ ọmọ pọ̀n, ẹ̀yìn nìkan la yí padà sí àyà. Páńpáàsì, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ nìkan ni ọmọ á wọ̀. A ó gbé e nàró sáàárín ọmú, orí rẹ̀ á yí sí ẹ̀gbẹ́ kí ó lè mí, a ó sì fi ọ̀já dè é. Ẹ̀rù bà mí nígbà àkọ́kọ́ pé egungun rẹ̀ á ṣẹ́. Mo wo ẹ̀rọ, èémí tó ń sáré tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀.

Àwọn kan rò pé ìtọ́jú tálákà ni. Ẹ gbọ́ èyí: ní 2021, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Gánà, Íńdíà, Màláwì, Tansaníà àti Nàìjíríà, Ilé-Ifẹ̀ ni ti Nàìjíríà sì wà. Ọmọ 3,211 ló kópa, láàárín kílò 1 sí kò pé 1.8. Wọ́n gbé àwọn kan lé àyà ìyá kété tí a bí wọn, wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú àwọn yòókù sínú ẹ̀rọ títí ara wọn fi balẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ti àyà, 12 ló kú kí ọjọ́ 28 tó pé. Nínú ti ẹ̀rọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kíá. Ọmọ méjì, àyà méjì: bàbá ìbejì náà bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó gba tirẹ̀. Ọkọ mi tí kò tíì sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ sí í ki Kẹ́hìndé lábẹ́ ohùn, ẹdúnjọbí, ọmọ ẹdun tíí ṣeré orí igi.

Ẹ̀kẹta ni ìbéèrè. Ẹ béèrè ohun tó yí padà láti àná. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ láti orí àwújẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè ya níbẹ̀ láìsí àmì lóde. Bí wọ́n bá jágbe mọ́ yín, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tún béèrè.

Ọmọ oṣù mélòó wá ni wọ́n?

Ọjọ́ orí méjì ni wọ́n ní. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ń tẹ̀ lé ọjọ́ tí a bí wọn, àfi bí dókítà bá ní ká dúró. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín, jíjókòó, rírá àti rírìn ń tẹ̀ lé ọjọ́ tó yẹ kí a bí wọn, títí wọ́n á fi pé bí ọdún méjì. Ọ̀sẹ̀ 11 ni àwọn tèmi fi yá, nítorí náà ọ̀sẹ̀ 11 la ó yọ kúrò kí a tó sọ pé wọ́n pẹ́.

Nígbà tí mo gbé wọn lọ sí ilé àjẹsára lóṣù kẹfà, ìyá tó jókòó tì mí gbé ọmọ kan tó ti ń jókòó, tó ń fa ọ̀já mi. Ó wo tèmi méjì tó dùbúlẹ̀, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ọmọ oṣù mélòó ni wọ́n?" Mo ní oṣù mẹ́fà ni wọ́n, wọ́n sì tún jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́ta ààbọ̀. Ó yíjú sí mi pátápátá. Mo gbé Kẹ́hìndé lé e lẹ́sẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé.